Sọ́fíwià wo ló yẹ fún òfin páásíwọ́ọ̀dù nílé-iṣẹ́ yín? Ìfiwéra fún àwa tá a wà l'Ékòó

Bí ẹ bá kó páásíwọ́ọ̀dù gbogbo òṣìṣẹ́ ilé-iṣẹ́ kan ní Broad Street tàbí ní Yábàá jọ, ohun tí ẹ máa rí kò ní jọ èyí tí àwọn ará Amẹ́ríkà máa ń fi ṣe àpẹẹrẹ. Orúkọ ọmọ ló máa pọ̀ níbẹ̀: Ayomide, Oluwaseun, Temiloluwa, tí wọ́n á fi ọdún tí wọ́n bí ọmọ náà tì í nídìí. Ẹ máa rí Jesus àti Alhamdulillah. Ẹ máa rí Arsenal àti Chelsea. Ẹ máa rí Lagos, Ikeja, Surulere, pẹ̀lú 123 tàbí @ lẹ́yìn wọn. Tí lẹ́tà ńlá, lẹ́tà kékeré àti nọ́ńbà tàbí àmì bíi @ bá ti wà nínú wọn, tí wọ́n sì gùn tó, Windows máa gbà wọ́n láìjanpata.

Ibẹ̀ ni mo ti fẹ́ bẹ̀rẹ̀, torí àwọn tó ń ta sọ́fíwià tó ń dá páásíwọ́ọ̀dù tí kò lágbára padà lè máa ka ohun tó ń ṣe fún yín títí ilẹ̀ á fi ṣú. Èmi kì í fi iye ohun tó ń ṣe yàn án. Ìbéèrè méjì ni mo máa ń bi í. Àkọ́kọ́, ṣé ó máa jẹ́ kí n kọ àwọn ọ̀rọ̀ tiwa sínú ohun tí kò gbọdọ̀ gbà? Ìkejì, tó bá dá páásíwọ́ọ̀dù ẹnì kan padà, ṣé ó máa sọ ìdí rẹ̀ fún onítọ̀hún? Lẹ́yìn ìyẹn la tó máa wá sórí owó, iná àti íntánẹ́ẹ̀tì.

Ohun tó ti wà lọ́wọ́ yín kí ẹ tó ra nǹkan kan

Ilé-iṣẹ́ tó bá ní sáfà Windows tí gbogbo kọ̀ǹpútà ń tipasẹ̀ rẹ̀ wọlé, Active Directory, ìyẹn ibi tí Windows ń kó àkáǹtì gbogbo òṣìṣẹ́ sí, ló ń lò, òfin páásíwọ́ọ̀dù sì ti wà nínú rẹ̀ látilẹ̀. Bí ẹnikẹ́ni ò bá fọwọ́ kàn án, ohun tó ń béèrè nìyí: kí páásíwọ́ọ̀dù tó àmì 7 (lẹ́tà, nọ́ńbà tàbí nǹkan bíi @), kí èèyàn yí i padà lẹ́yìn ọjọ́ 42, kó má sì padà sórí èyíkéyìí nínú 24 tó lò gbẹ̀yìn. Ó tún ní kí oríṣi àmì mẹ́ta wà níbẹ̀ nínú márùn-ún tó mọ̀, kí orúkọ ẹni náà má sì sí nínú rẹ̀. Lagos2024 yege ìdánwò yìí. Password1 náà yege.

Ó tún burú ju bẹ́ẹ̀ lọ ní apá kan. Iye ìgbà tí ẹnì kan lè gbìyànjú kí àkáǹtì tó tì pa, òdo ló wà níbẹ̀ látilẹ̀, òdo yẹn sì túmọ̀ sí pé kò ní tì pa láé. Ẹni tó bá fẹ́ já wọlé lè jókòó máa gbìyànjú láti àárọ̀ dalẹ́.

Àtúnṣe wà tí kò gba owó. Láti Windows Server 2008 ni Active Directory ti ní ohun tí wọ́n ń pè ní fine-grained password policy, èyí tó ń jẹ́ kí ẹ fún ẹgbẹ́ kọ̀ọ̀kan ní òfin tirẹ̀: àwọn tó wà ní account (ẹ̀ka ìṣirò owó) àmì 15, ẹ̀yin admin tó ń bójú tó sáfà àmì 20, kí àwọn tó kù wà láàárín. Láti 2012 ẹ lè fi máòsì tò ó, kò di dandan kí ẹ máa kọ àṣẹ. Ẹ kàn rántí pé orí èèyàn tàbí orí ẹgbẹ́ ló ń ṣiṣẹ́, kì í ṣe orí OU, ìyẹn àwọn àpò tí wọ́n fi ń pín àkáǹtì sọ́tọ̀ nínú Active Directory. Ọ̀pọ̀ ló ti fi wákàtí ṣòfò lórí ìyẹn. Anfààní mìíràn ni pé òfin àtijọ́ inú Group Policy, ibi tí òfin àtilẹ̀wá yẹn wà, kì í jẹ́ kí ẹ béèrè ju àmì 14 lọ lórí àwọn sáfà tó ti pẹ́, èyí ń kọjá bẹ́ẹ̀.

Ibi tó kù sí ni pé kò mọ ọ̀rọ̀ kankan. Ẹ lè béèrè àmì 15, ẹnì kan á sì kọ OluwaseunLagos1. Ìdí nìyẹn tá a fi ń wá sọ́fíwià.

Microsoft Entra Password Protection

Ẹni tó bá ti ń sanwó Microsoft 365 Business Premium lè wà nínú àwọn tó ti rà á láìmọ̀. Entra ID P1 ni láísẹ́ńsì tó gbé e dání, P1 sì wà nínú Business Premium. Azure AD Password Protection ni orúkọ rẹ̀ kí Microsoft tó pa orúkọ dà lọ́dún 2023, torí náà tí ẹ bá rí orúkọ yẹn nínú ìwé àtijọ́, nǹkan kan náà ni.

Microsoft ní àkójọ ọ̀rọ̀ èèwọ̀ tirẹ̀, tó ń kó jọ látinú ohun tó ń rí níbi tí àwọn ọ̀daràn ti ń dán àkáǹtì wò. Ẹ̀yin náà lè fi tiyín kún un, títí dé ọ̀rọ̀ 1,000. Ọ̀rọ̀ kọ̀ọ̀kan gbọ́dọ̀ tó àmì 4, kó má sì ju 16 lọ. Kò bìkítà fún lẹ́tà ńlá tàbí kékeré, bí ẹnì kan bá sì fi 0 dípò o, @ dípò a, tàbí $ dípò s, ó dá a mọ̀.

Òfin àmì 4 yẹn ló ká mi lára. Ade, Ayo, Ola, Eko: àwọn tó kún inú páásíwọ́ọ̀dù wa jù nìyẹn, kò sì sí èyí tí ẹ lè kọ síbẹ̀ nínú wọn.

Èyí tí ọ̀pọ̀ ò sì mọ̀ ni bó ṣe ń fún páásíwọ́ọ̀dù ní máàkì. Kì í dá páásíwọ́ọ̀dù padà kìkì torí pé ọ̀rọ̀ èèwọ̀ kan wà nínú rẹ̀. Ó ń ka máàkì ni. Ọ̀rọ̀ èèwọ̀ kan, bó ti wù kó gùn tó, máàkì 1. Àmì kọ̀ọ̀kan tó bá ṣẹ́kù lẹ́yìn rẹ̀, máàkì 1. Ẹni tó bá ti ní 5 ti wọlé nìyẹn. Ẹ jẹ́ ká wá ṣe é. Ẹ kọ oluwa sínú àkójọ yín, ọkàn yín balẹ̀ pé Oluwaseun1 ti di ìtàn. Oluwa gba 1. S, e, u, n àti 1 tó wà nídìí gba 5. Máàkì 6, ó wọlé. Àfi kí ẹ kọ oluwaseun lódindi: orúkọ gba 1, nọ́ńbà ìdí rẹ̀ gba 1, 2 péré, wọ́n kọ̀ ọ́. Lagos1987 náà máa ń yọ́ wọlé, bí ẹ bá tiẹ̀ kọ lagos sínú àkójọ yín. Lagos gba 1, nọ́ńbà mẹ́rin gba 4, 5 pé géérégé, ó wọlé.

Ìtumọ̀ rẹ̀ fún wa ni pé orúkọ Yorùbá kọ̀ọ̀kan ní láti wọ àkójọ yẹn lódindi: oluwaseun, oluwatobi, oluwafemi, oluwatosin, oluwadamilola. Ẹ kọ́kọ́ kó orúkọ àwọn òṣìṣẹ́ yín sí i, kí ẹ tó kan orúkọ tí àwọn èèyàn sábà máa ń sọ ọmọ, ẹ ó sì rí i pé 1,000 yẹn kò pọ̀ tó bó ṣe dún létí. Ẹ kọ wọ́n láìfi àmì ohùn sí i, torí bẹ́ẹ̀ ni àwọn èèyàn ṣe ń tẹ̀ ẹ́ lórí kíbọ́ọ̀dù. Kí ẹ sì gbé iye àmì inú Active Directory sókè sí 14 tàbí 15, kó lè jẹ́ pé bí Lagos1987 bá tiẹ̀ yege níbi máàkì, gígùn rẹ̀ á dá a padà.

Bó ṣe ń ṣiṣẹ́ lórí nẹ́tíwọ́ọ̀kì bá Èkó mu dáadáa. Ẹ máa fi apá kan sórí domain controller kọ̀ọ̀kan (sáfà tó ń yẹ páásíwọ́ọ̀dù wò nígbà tí òṣìṣẹ́ bá ń wọlé), ẹ máa fi apá kejì tí wọ́n ń pè ní proxy sórí sáfà mìíràn tó ní íntánẹ́ẹ̀tì. Proxy yìí ló ń lọ mú òfin tuntun wá látọ̀dọ̀ Microsoft. Domain controller fúnra rẹ̀ kò ní láti rí ìta rárá. Ẹ rántí 14 oṣù Kẹta ọdún 2024, nígbà tí okùn WACS, ACE, MainOne àti SAT-3 bàjẹ́ lábẹ́ òkun tí íntánẹ́ẹ̀tì dojú rú káàkiri Ìwọ̀-Oòrùn Áfíríkà. Nírú ọjọ́ bẹ́ẹ̀, òfin tó ti wà nílẹ̀ ni sáfà yín á máa lò lọ. Àmọ́ bí domain controller kan ò bá tíì gba òfin kankan rí, gbogbo páásíwọ́ọ̀dù ló máa gbà. Torí náà ẹ yẹ̀ ẹ́ wò lọ́jọ́ tí ẹ bá tò ó, ẹ má kàn rò pé ó ti ń ṣiṣẹ́.

Ní ti ìbéèrè kejì mi, ó kùnà. Lójú kọ̀ǹpútà Windows, gbólóhùn kan náà ni òṣìṣẹ́ máa rí, ì báà ṣe pé páásíwọ́ọ̀dù rẹ̀ kúrú, ì báà ṣe pé ó ti lò ó rí, ì báà ṣe pé ọ̀rọ̀ èèwọ̀ ló kọ. Bíi mègáàdì tó ní kí ẹ padà tí kò sì sọ ohun tí ẹ ṣe. Ohun tó máa tẹ̀lé e ni kí fóònù yín dún: "Bọ̀dá IT, ó tún ní òun ò gbà o! Kí ni mo ṣe fún un?" Ìdáhùn rẹ̀ sì wà nínú log (àkọsílẹ̀ ohun tó ṣẹlẹ̀) tó wà lórí sáfà, ibi tí Alhaja tó ń pè yín láti account kò lè dé.

Lithnet Password Protection: ọ̀fẹ́ ni, àmọ́ ó ń fẹ́ ẹni tó mọ̀ ọ́n

Àwọn ará Ọsirélíà ló kọ èyí, wọ́n sì fi kóòdù rẹ̀ sílẹ̀ fún gbogbo ayé. Kò sí owó láísẹ́ńsì kankan. Òun náà ń jókòó sórí domain controller, ó sì ń ṣe ohun méjì tí mo nífẹ̀ẹ́ sí. Ó ń jẹ́ kí ẹ kọ ọ̀rọ̀ èèwọ̀ bó ṣe wù yín. Ó tún ń jẹ́ kí ẹ so dídíjú mọ́ gígùn: ẹni tó kọ páásíwọ́ọ̀dù kúkúrú ní láti fi oríṣiríṣi àmì sí i, ẹni tó kọ gbólóhùn gígùn kò ní wàhálà yẹn. Èyí dáa fún àwọn àgbà inú ọ́fíìsì. Ẹ ní kí wọ́n kọ gbólóhùn Yorùbá kan tó dá lórí ohun tí àwọn nìkan mọ̀, ẹ wò ó bí wọ́n á ṣe rántí rẹ̀ láìkọ ọ́ sábẹ́ kíbọ́ọ̀dù. Kí ó má kàn ṣe òwe tí gbogbo èèyàn mọ̀, oríkì ìdílé tàbí ìlà àkọ́kọ́ orin ìjọ.

Ibi tí agbára rẹ̀ wà jù ni àwọn páásíwọ́ọ̀dù tó ti jò síta. Troy Hunt, ará Ọsirélíà náà, ló dá Have I Been Pwned sílẹ̀, níbi tí wọ́n ti ń kó páásíwọ́ọ̀dù tí àwọn ọ̀daràn ti tú síta jọ, tí wọ́n sì ń fi wọ́n síbẹ̀ ní ìrísí tí ojú lásán kò lè kà. Lithnet lè fa gbogbo àkójọ yẹn wá sórí sáfà yín. Ọ̀nà 1,048,576 ni wọ́n pín in sí, ó sì ń fà wọ́n lọ́kọ̀ọ̀kan, torí náà ẹ má fi MiFi ṣe é, ẹ má sì bẹ̀rẹ̀ rẹ̀ nígbà tí jẹnẹ́rétọ̀ ti fẹ́ gbẹ. Ẹ fi fáíbà ọ́fíìsì ṣe é lóru. Tó bá ti wọlé tán, kò tún nílò íntánẹ́ẹ̀tì láti máa ṣiṣẹ́. Ẹ tún lè fi í wò bóyá páásíwọ́ọ̀dù tí àwọn èèyàn ń lò lọ́wọ́lọ́wọ́ wà nínú àwọn tó ti jò, èyí tí Entra kì í ṣe lórí sáfà inú ilé.

Àléébù rẹ̀: gbólóhùn kan náà tí kò sọ ìdí ni òṣìṣẹ́ máa rí, PowerShell, níbi tí èèyàn ti ń fọwọ́ kọ àṣẹ, sì ni ẹ máa fi ṣe ọ̀pọ̀ iṣẹ́ ibẹ̀. Kò sí ẹni tí ẹ ń sanwó fún tí ẹ lè pè bó bá dáwọ́ dúró. Bí ọmọ tó tò ó fún yín bá jápa lọ sí Kánádà láìkọ ohun tó ṣe sílẹ̀, ẹ̀yin àti ìwé ìtọ́sọ́nà rẹ̀ ló kù.

Specops àti Netwrix: ẹ ń sanwó kí ẹ lè sinmi

Specops Password Policy wá láti Sweden. Netwrix Password Policy Enforcer ni èyí tí a mọ̀ sí Anixis tẹ́lẹ̀. Mo so wọ́n pọ̀ torí pé ìdí tí èèyàn fi ń rà wọ́n kò yàtọ̀ púpọ̀: àwọn méjèèjì ní apá tí ẹ máa fi sórí kọ̀ǹpútà òṣìṣẹ́, tó ń sọ fún onítọ̀hún ní pàtó ohun tí òfin fẹ́ àti ohun tó ṣì kù. Ti Specops tiẹ̀ ń fi òfin kọ̀ọ̀kan hàn bí èèyàn ṣe ń tẹ̀ ẹ́ lọ. Àkójọ ọ̀rọ̀ tiyín ń wọ inú méjèèjì, wọ́n sì ń yẹ àwọn tó ti jò wò.

Apá orí kọ̀ǹpútà yìí tún ń ṣe iṣẹ́ kan tí Entra àti Lithnet kì í ṣe: ó lè dá ẹni tó ń fi nọ́ńbà kan kún ti àná padà. Ẹni tó kọ Surulere01 lóṣù tó kọjá kò ní lè kọ Surulere02 lóṣù yìí. Ẹ̀yin tí ẹ bá ní àwọn òṣìṣẹ́ tó ń yí páásíwọ́ọ̀dù lóòrèkóòrè mọ̀ pé ọ̀nà tí gbogbo wọn ń gbà nìyẹn.

Láísẹ́ńsì wọn jẹ́ ti orí kọ̀ọ̀kan, owó òkèèrè sì ni. Ẹ ní kí ẹni tó ń tà á kọ iye náírà rẹ̀ sílẹ̀ pẹ̀lú ọjọ́ tí iye yẹn máa parí, torí dọ́là ọjọ́ Ajé lè má jẹ́ dọ́là ọjọ́ Ẹtì. Kí ẹ tó san kọ́bọ̀, ẹ gba Specops Password Auditor wá, ọ̀fẹ́ ni. Kíkà ló ń ka Active Directory, kì í yí nǹkan kan padà. Á fi hàn yín àkáǹtì tó ń lo páásíwọ́ọ̀dù tó ti jò, àwọn tó ń lo páásíwọ́ọ̀dù kan náà, àti àwọn tí tiwọn kì í parí láé. Ẹ gbé ìwé yẹn síwájú ọ̀gá. Mi ò tíì rí ohun tó ń mú ọ̀gá fọwọ́ síwèé owó tó o.

ADSelfService Plus: ìṣòro mìíràn ló ń yanjú

ManageEngine, ará Zoho ní Íńdíà, ló ni èyí. Ohun tí wọ́n dìídì ṣe é fún ni pé kí ẹni tó gbàgbé páásíwọ́ọ̀dù rẹ̀ tún un ṣe fúnra rẹ̀ láìpe IT. Òfin páásíwọ́ọ̀dù wá tẹ̀ lé e. Bí wàhálà yín bá jẹ́ pé àwọn tó ń ṣiṣẹ́ láti ilé ní Ajah àti Ìkòròdú ń pe yín ní gbogbo àárọ̀ ọjọ́ Ajé pé àwọn ti gbàgbé, ẹ wò ó. Fún ilé-iṣẹ́ tí kò ju èèyàn 50 lọ, wọ́n ní ẹ̀yà ọ̀fẹ́. Àkójọ ọ̀rọ̀ wà níbẹ̀, ó sì ń bá Have I Been Pwned sọ̀rọ̀, àmọ́ orí íntánẹ́ẹ̀tì ló ti ń bá a sọ̀rọ̀, torí náà bí íntánẹ́ẹ̀tì bá lọ, àyẹ̀wò yẹn náà lọ. Ẹ rí i dájú pé wọ́n fi apá tó ń jókòó sórí domain controller sí i, àìjẹ́ bẹ́ẹ̀ ẹni tó bá yí páásíwọ́ọ̀dù rẹ̀ láti Ctrl+Alt+Del lè má rí òfin yín rárá.

Ohun kan wà tí ẹ gbọ́dọ̀ mọ̀. Ní oṣù Kẹsàn-án ọdún 2021, CISA (àjọ ààbò kọ̀ǹpútà) àti FBI ní Amẹ́ríkà kìlọ̀ fún gbogbo èèyàn pé àwọn kan ń gba ihò kan nínú sọ́fíwià yìí wọlé láìní páásíwọ́ọ̀dù rárá. CVE-2021-40539 ni nọ́ńbà rẹ̀, ẹ̀yà tí wọ́n ń pè ní build 6114 ni wọ́n fi dí i. Mi ò sọ ọ́ láti fi bà á jẹ́. Ohun tó ń jẹ́ kí èèyàn tún páásíwọ́ọ̀dù ṣe láti ìta, ẹnu ọ̀nà ni lójú íntánẹ́ẹ̀tì. Ẹni tí kò ní máa ṣe ìmúdójúìwọ̀n rẹ̀ lọ́jọ́ tó bá jáde, kó má là á síta.

Ẹni tí kò ní sáfà Windows

Èyí kò gba ọ̀rọ̀ púpọ̀. Ilé-iṣẹ́ kékeré ní Yábàá tó jẹ́ Google Workspace nìkan ló ń lò, ẹ má ra nǹkan kan. Inú ojú ìwé admin ni ẹ ti lè béèrè àmì 8 títí dé 100, kí ẹ ní kó jẹ́ páásíwọ́ọ̀dù tó lágbára, kí wọ́n má sì padà sórí ti àtijọ́. Ẹ tan ìjẹ́rìísí ìgbésẹ̀ méjì fún gbogbo èèyàn. Àwọn tó wà lórí Microsoft 365 láìní sáfà ti ń jàǹfààní àkójọ èèwọ̀ Microsoft lọ́fẹ̀ẹ́. P1 ló máa jẹ́ kí wọ́n fi tiwọn kún un.

Lórí Linux, pwquality ni. Inú /etc/security/pwquality.conf ni ẹ ti máa rí minlen fún gígùn àti badwords tí ẹ máa kọ ọ̀rọ̀ tiwa sí. Bí ẹ ò bá fi enforce_for_root síbẹ̀, ìkìlọ̀ lásán ló máa ṣe fún root (àkáǹtì ọ̀gá pátápátá lórí Linux), á sì gba ohunkóhun lọ́wọ́ rẹ̀. Ẹni tó ń lo Samba dípò Windows Server lè fún ẹgbẹ́ kọ̀ọ̀kan ní òfin tirẹ̀ láti ẹ̀yà 4.9.

Gbogbo wọn lójú kan

| Sọ́fíwià | Ọ̀rọ̀ tiwa | Ṣé ó ń sọ ìdí? | Bí íntánẹ́ẹ̀tì bá lọ | Owó |
|---|---|---|---|---|
| Active Directory lásán | Kò sí | Rárá | Kò kàn án | Ó ti wà nínú Windows Server |
| Entra Password Protection | 1,000, àmì 4 sí 16 | Rárá, lójú Windows | Ó ń lo òfin tó wà nílẹ̀ | Oṣooṣù, orí kọ̀ọ̀kan |
| Lithnet | Bó ṣe wù yín | Rárá | Kò kàn án | Ọ̀fẹ́ |
| Specops, Netwrix | Ó wà | Bẹ́ẹ̀ ni, pẹ̀lú apá orí kọ̀ǹpútà | Òfin inú ilé ń ṣiṣẹ́ lọ | Láísẹ́ńsì orí kọ̀ọ̀kan |
| ADSelfService Plus | Ó wà | Bẹ́ẹ̀ ni, lójú ìwé tirẹ̀ | Àyẹ̀wò àwọn tó ti jò dúró | Ọ̀fẹ́ dé èèyàn 50 |

Bó bá jẹ́ èmi: ilé-iṣẹ́ èèyàn ọgọ́rin ní Marina tó ti ní Business Premium, Entra ni mo máa lò, pẹ̀lú àmì 15 láti inú Active Directory, màá sì kọ ìwé kékeré kan lé ara ògiri tó ń sọ irú ọ̀rọ̀ tí kò ní wọlé. Ilé-iṣẹ́ tí kò ní i, àmọ́ tó ní admin tó mọ iṣẹ́ tí kò sì ní lọ láìpẹ́, Lithnet. Ilé-iṣẹ́ tó ń gba owó káàdì, tó ní ẹ̀ka ní Àpápá, Ìkẹjà àti Lẹ́kìí, tí ẹni méjì péré sì wà ní IT, ẹ san owó Specops tàbí Netwrix. Owó tí ẹ rò pé ẹ fi pamọ́ máa bá ìpè fóònù lọ.

Nígbà tí auditor bá ní ọjọ́ 90

Ó fẹ́rẹ̀ẹ́ dájú pé ẹni tó ń yẹ ilé-iṣẹ́ yín wò á ní kí gbogbo èèyàn máa yí páásíwọ́ọ̀dù padà lẹ́yìn ọjọ́ 90. NIST, àjọ tó ń ṣe ìlànà ní Amẹ́ríkà, ti sọ láti 2017 pé kí wọ́n má fi ipá mú èèyàn yí páásíwọ́ọ̀dù padà láìjẹ́ pé ẹ̀rí wà pé ó ti jò, kí wọ́n sì yé béèrè àdàlù àmì. Microsoft yọ ọjọ́ ìparí kúrò nínú ìlànà ààbò Windows tirẹ̀ lọ́dún 2019. Àtúnṣe NIST ti 2025 ní àmì 15 bó bá jẹ́ páásíwọ́ọ̀dù nìkan ló dúró, 8 bí ìjẹ́rìísí kejì bá wà pẹ̀lú rẹ̀.

PCI DSS 4, ìlànà ààbò owó káàdì tó kan ẹnikẹ́ni tó bá fọwọ́ kan nọ́ńbà káàdì, béèrè àmì 12, kí lẹ́tà àti nọ́ńbà wà níbẹ̀, kí èèyàn má padà sórí mẹ́rin tó lò gbẹ̀yìn, kí àkáǹtì sì tì pa, ó pẹ́ tán, lẹ́yìn ìgbìyànjú 10, fún ọgbọ̀n ìṣẹ́jú ó kéré tán. Láti 31 oṣù Kẹta ọdún 2025 ni àmì 12 yẹn ti di dandan. Ọjọ́ 90 wà níbẹ̀ lóòótọ́, àmọ́ ibi tí páásíwọ́ọ̀dù bá jẹ́ ohun kan ṣoṣo tí èèyàn fi ń wọlé ló wà fún. Torí náà, dípò kí ẹ bá auditor jiyàn, ẹ tan ìjẹ́rìísí kejì, kí ẹ fi hàn án. Bí dátà àwọn èèyàn bá sì jò tó lè pa wọ́n lára, òfin ààbò dátà Nàìjíríà ti 2023 fún yín ní wákàtí 72 láti sọ fún àjọ NDPC tó ń bójú tó òfin náà, torí náà log tí sọ́fíwià yìí ń kọ máa wúlò fún yín níbẹ̀. Ẹ béèrè iye ọjọ́ tí ó ń tọ́jú rẹ̀.

Bí ẹ ṣe máa gbé e kalẹ̀

Èyíkéyìí tí ẹ bá mú, orí gbogbo domain controller ló gbọ́dọ̀ wà. Bí ẹ bá fi sórí ti Marina tí ẹ gbàgbé ti Àpápá, ẹni tó bá yí páásíwọ́ọ̀dù rẹ̀ ní Àpápá kò ní bá òfin pàdé. Sáfà máa ní láti tún bẹ̀rẹ̀ kí ó tó ríṣẹ́ ṣe, ẹ fi sí alẹ́ ọjọ́ Àbámẹ́ta.

Entra ní ipò àyẹ̀wò, níbi tó ti ń ṣàkọsílẹ̀ ohun tí ì bá dá padà, láìdá ẹnikẹ́ni dúró. Ẹ fi í sílẹ̀ bẹ́ẹ̀ fún ọ̀sẹ̀ díẹ̀. Kò ní fi páásíwọ́ọ̀dù fúnra rẹ̀ hàn yín, àmọ́ iye tí ì bá ti kọ̀ máa jẹ́ kí ẹ mọ bí fóònù yín ṣe máa dún tó lọ́jọ́ tí ẹ bá tan án ní gidi. Ẹ má ṣe tan án ní ọ̀sẹ̀ owó oṣù.

Ẹ má retí pé òfin tuntun á kan páásíwọ́ọ̀dù àtijọ́ fúnra rẹ̀ lọ́jọ́ tí ẹ gbé e kalẹ̀. Ìgbà tí ẹnì kan bá yí tirẹ̀ ni òfin tó ń bá a. Torí náà ẹ máa ní láti mú kí gbogbo èèyàn yí i lẹ́ẹ̀kan. Ẹ ṣe é ní ẹ̀ka-ẹ̀ka, kí ẹ bẹ̀rẹ̀ látorí ẹ̀yin IT, kí account tẹ̀ lé e.

Èyí tó kù ni àwọn àkáǹtì tí kì í ṣe ti èèyàn: èyí tí sọ́fíwià ìṣírò owó fi ń wọ database, èyí tó ń ṣe backup lóru. Ẹ má fi òfin òṣìṣẹ́ dè wọ́n, torí ọjọ́ tí páásíwọ́ọ̀dù wọn bá parí ni iṣẹ́ máa dúró tí ẹnikẹ́ni ò ní mọ ìdí. Láti Windows Server 2012 ni group managed service account ti wà, tí sáfà fúnra rẹ̀ ń yí páásíwọ́ọ̀dù rẹ̀ padà ní ọgbọ̀n ọjọ́ sí ọgbọ̀n ọjọ́ láìjẹ́ pé ẹnì kankan mọ̀ ọ́n. Ẹ bi ẹni tó kọ sọ́fíwià account yín bóyá ó gbà á. Bí kò bá gbà á, ẹ fún àkáǹtì yẹn ní páásíwọ́ọ̀dù àmì 25 sókè lábẹ́ fine-grained policy tirẹ̀, kí ẹ sì kọ orúkọ ẹni tó ń bójú tó o sílẹ̀.